Pọ́ǹpù Tí Àmúsà Gbé Sókè

Ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù ni Àmúdàtù gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu ọkọ rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́, kì í ṣe àdúrà, kì í tilẹ̀ ṣe ibi tó tọ́jú ìwé ilé sí. Òjò ń rọ̀ ní Mushin nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́, Àmúdàtù sì wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta gáàsì ìdáná ní Ìdí-Òrò, ó ń fi ìgbálẹ̀ lé omi padà sínú gọ́tà, ni fóònù bá dún. Àmúsà ni, láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní Ìdí-Àràbà.

"Ìyá Bàlíkísù, ṣé òjò ń rọ̀ níbẹ̀ yẹn?"

"Ó ń rọ̀ o. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Omi ti wọ àgbàlá?"

"Mo ní ṣé ẹ ti jẹun, Bàbá Bàlíkísù."

"Pọ́ǹpù yẹn," ni Àmúsà wí, ohùn rẹ̀ ń já bí ẹ́ńjìnnì tí epo rẹ̀ fẹ́ tán. "Pọ́ǹpù tí mo gbé sókè yẹn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ ọ́ kalẹ̀ o. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́. Pọ́ǹpù kì í jẹ ẹ̀bà. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Àmúsà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà di ohùn nọ́ọ̀sì tó ní kí Bàbá gbé fóònù sílẹ̀ kó sinmi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti sinmi pátápátá.

Ẹ wo nǹkan! Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin lè fi sílẹ̀ fún obìnrin tí wọ́n ti jọ ń sùn, tí wọ́n ti jọ ń jà, láti ìgbà tí irun orí àwọn méjèèjì ṣì dúdú, pọ́ǹpù ni tiẹ̀ mú. Inú kọ́kọ́ bí Àmúdàtù ná kó tó sunkún. Nígbà tí àwọn obìnrin àdúgbò wá kí i kú àráfẹ́rakù, tí wọ́n ń na etí bóyá àwọn á gbọ́ ohun tí Bàbá sọ kẹ́yìn, ó ní, "Ó ní kí n má fi ìrun ṣeré." Irọ́ gbuu. Àmúsà fúnra rẹ̀ kì í kí ìrun òwúrọ̀ àyàfi bí àkùkọ àti ìtọ̀ bá jọ jí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ojú wo ni ìyàwó òkú fẹ́ fi wí fún ọmọ aráyé pé pọ́ǹpù ni ọkọ òun fi lé òun lọ́wọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Mushin ni Àmúsà. Kábúrétọ̀ ni iṣẹ́ tó kọ́, ìyẹn ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Àwọn mẹkáníìkì yòókù á ní mọ́tò làwọn ń tún ṣe. Àmúsà ò ní gbà. Á ní ọ̀fun mọ́tò lòun ń wò. Bí wọ́n bá gbé ìjàpá dé, ọkọ̀ kékeré oníkarahun tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nídìí yẹn, Àmúsà á bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, á dijú bí ẹni tó ń gbọ́ wáàsí, á ní, "Epo ti kún un lọ́fun," tàbí, "Ebi ń pa á." Lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, á ní ẹni tó ni mọ́tò ló lọ fọwọ́ kan nǹkan. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ rí lẹ́nu Àmúsà pé òun ṣàṣìṣe. Àmúdàtù gbìyànjú títí láti gbọ́ ọ, ó sú u, ó fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Nígbà tí àwọn ọkọ̀ tí kò ní kábúrétọ̀ gbòde, iṣẹ́ dín kù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ń ta páàtì ní Ládipọ̀. Àmúsà ní tiẹ̀ ra fóònù ńlá kan, ó jókòó sábẹ́ igi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn òyìnbó arúgbó tí wọ́n ń kan bàálù sí ẹ̀yìnkùlé wọn.

"Wò ó," ó ní fún ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ti fóònù bọ̀ ọ́ lójú. "Ẹ́ńjìnnì kí nìyẹn?"

"Ó jọ ti ìjàpá."

"Ti ìjàpá ni! Òyìnbó gbé ẹ́ńjìnnì ìjàpá sínú bàálù, ó sì ń fò!"

"Ìjàpá ti dán an wò rí, Bàbá Bàlíkísù. Gbogbo wa la mọ ibi tó já bọ́ sí, a sì mọ ohun tójú ẹ̀yìn rẹ̀ rí."

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Àmúsà bẹ̀rẹ̀ sí í kó páìpù irin wọ àgbàlá ilé ẹbí wọn. Ó jó páìpù mọ́ páìpù, ó fi pákó ṣe egungun apá, ó wá ẹ́ńjìnnì ìjàpá tó dára jù lọ, ó tú u, ó tún un tò, ó gbé e síwájú, ó fi abẹ̀bẹ̀ onígi sí i lẹ́nu. Àdúgbò ń wò ó. Salome tó ń ta búrẹ́dì lójúde ò lè pa á mọ́ra. "Alágbà," ó ní, "pẹ̀lú omi tó ń yalé wa lọ́dọọdún, ṣé kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi ló yẹ kẹ́ ẹ kàn?"

Ọ̀rọ̀ gidi ni Salome sọ. Mushin ni, a ò ní purọ́: bí òjò bá ti pọ̀ jù, gọ́tà á bi gbogbo ohun tó mu. Lọ́dún kan, omi wọlé bá Àmúsà àti ìyàwó rẹ̀, ó gbé bàtà lọ, ó gbé ìkòkò lọ, ó ba fíríìjì jẹ́. Láti ọjọ́ náà ni Àmúsà ti mú omi lọ́tàá. Gbogbo nǹkan tó wà nínú ilé ló gòkè. Jẹnẹrétọ̀ gun orí búlọ́ọ̀kù. Fíríìjì gun orí tábìlì, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ mu omi tútù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gun àpótí. Súìṣì iná lọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjà. Bẹ́ẹ̀dì náà ga débi pé Àmúdàtù sọ fún un pé bí ìfẹ́ bá ń gbọ̀n ọ́n lóru, kó wá àkàbà, nítorí orúnkún òun ò gba ìrìn òkè mọ́.

Bí ilé ṣe rí nìyẹn tó fi kan ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù.

Pọ́ǹpù méjì ló wà nínú bàálù náà. Abẹ́ ìjókòó ni táǹkì epo wà, ẹ́ńjìnnì wà níwájú lókè, epo ò sì mọ òkè gùn fúnra rẹ̀. Pọ́ǹpù kìíní, ẹ́ńjìnnì ló ń yí i. Ìkejì, iná bátìrì ló ń lò. Ti ọjọ́ ìṣòro nìyẹn, nítorí bí ti àkọ́kọ́ bá kú lófùúrufú, kò sí ẹ̀gbẹ́ títì tí èèyàn fẹ́ páàkì sí. Ládipọ̀ ni Àmúsà ti ra ti iná yìí ní tòkunbọ̀. Ara ọkọ̀ ìgbàlódé ni wọ́n ti tú u, ó sì lágbára bí ẹṣin. Bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni kábúrétọ̀ ìjàpá ń mu tiẹ̀ bí ọmọ ìkókó. Ọjọ́ tí Àmúsà kọ́kọ́ tan pọ́ǹpù náà, kábúrétọ̀ bì láti gbogbo ojú ihò rẹ̀, pẹtiróòlù ṣàn dé ẹsẹ̀ Salome níta, ó kó búrẹ́dì rẹ̀ sá.

Ó wá ku rẹ́gúlétọ̀. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún oníṣòwò gáàsì. Òun ló wà lórí sílíńdà, tó ń sọ fún gáàsì pé rọra, ilé onílé lo fẹ́ wọ̀. Kí ni Àmúsà wá ṣe? Ó lọ yọ ti orí sílíńdà ìyàwó rẹ̀, nígbà tí ẹ̀wà wà lórí iná, ó lọ so ó mọ́ bàálù. Pẹtiróòlù jẹ rọ́bà inú rẹ̀ bí ẹní ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Àmúdàtù ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó bá ẹ̀wà tí kò jinná àti ọkọ tó ń rùn bí ilé epo.

"Rẹ́gúlétọ̀ mi dà?"

"Mo yá a."

"Ẹ yá a lọ́wọ́ ta ni?"

"Lọ́wọ́ ẹ̀wà."

Ẹ̀wà náà ni wọ́n jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ń ró kọ̀pọ̀kọ̀pọ̀ lẹ́nu bí òkúta. Ìgbà tó yá, Àmúsà ra rẹ́gúlétọ̀ tó jẹ́ ti epo, kékeré, pẹ̀lú sukúrù kan lórí tí wọ́n fi ń dín agbára pọ́ǹpù kù, àti nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń dè é mọ́lẹ̀ kó má yẹ̀. Ó fi géèjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ojú lè máa rí ohun tí epo ń ṣe. Bí àlejò bá béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, á ní, "Kò le rárá. Èmi ni pọ́ǹpù. Ìyàwó mi yìí ni rẹ́gúlétọ̀. Bí kò bá sí tiẹ̀ ni, ọmọ ogún là bá bí."

Àmúdàtù á sì dáhùn láti inú ilé, "Ẹ bi pọ́ǹpù léèrè ìgbà tó ti fa epo gbẹ̀yìn."

Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn títí àìsàn àyà fi dá Àmúsà dúbúlẹ̀.

Níbi àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀, lẹ́mọ́mù ní Àmúsà ti fò lọ sínú àánú Ọlọ́run. Àmúdàtù fi ìborùn bo ẹnu. "Ó kúkú fò nígbẹ̀yìn," ó sọ fún Salome tó jókòó tì í, àwọn méjèèjì sì tẹrí ba kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín wọn. Nígbà tí wọ́n gbórí sókè, ẹkún ló wà lójú Àmúdàtù.

Ọjọ́ náà gan-an ni Àbdùlsàmàd mú ọ̀rọ̀ jáde. Àbúrò Àmúsà ni. Nígbà tí Àmúdàtù wọlé ọkọ, ọmọdé tó ń gbé síléètì lọ sílé ìwé ni Àbdùlsàmàd; ìyàwó ò sì gbọdọ̀ pe ọmọ ọkọ lórúkọ, bó ti wù kó kéré mọ, ló bá sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Akọ̀wé ti hu irùngbọ̀n funfun báyìí, kò sì kọ nǹkankan rí ju orúkọ ara rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n orúkọ náà ò kúrò lára rẹ̀.

"Ìyàwó wa," Àbdùlsàmàd ní, "ẹ má bínú o. Ẹbí fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí àgbàlá yìí. Mo ti bá àwọn tó ń ra irin àlòkù ní Igànmú sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n ń bọ̀ wá kó nǹkan yẹn."

"Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ gbé e gba ẹnu ọ̀nà, Akọ̀wé? Ó fẹ̀ o."

"Wọ́n á gé e ni."

Ọ̀rọ̀ "gé" yẹn wọ Àmúdàtù lára bí òtútù. Lójú rẹ̀, ó rí wọn tí wọ́n ń fi ayùn irin gé ibi tí Àmúsà máa ń jókòó sí, tí á máa fi ẹnu ṣe "vúúú" bí ọmọdé. Ó dìde níbi àdúrà, ó bọ́ sẹ́yìn ilé, ó pe Ọládiméjì.

Ọládiméjì yìí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Yábàá, ọmọ ọgbọ̀n ọdún lé díẹ̀. Gbogbo Sátidé ló máa ń wá bá Àmúsà jiyàn lórí bàálù. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní pápá kan lọ́nà Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ti ń kan bàálù kéékèèké tiwọn.

"A máa gbà á, mà," Ọládiméjì ní. "A máa tú apá rẹ̀, a ò ní gé nǹkankan, a máa gbé e lọ parí. Ṣùgbọ́n òfin kan wà. Bàálù tí pọ́ǹpù rẹ̀ méjèèjì ò bá dúró ṣinṣin, kì í wọ pápá wa. A ti sin ẹnìkan rí. Ṣé Alágbà ti ṣètò rẹ́gúlétọ̀ yẹn?"

"Ó ti ṣe é kó tó lọ sọ́sibítù. Ó ní ó ti dára."

"Pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, tó sì ti gbóná?"

Àmúdàtù ò mọ̀. "Wá lọ́jọ́ Sátidé," ó ní, "wá wò ó. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi o, Diméjì. Gbogbo ohun tó bá wù ọ́ ni kó o fọwọ́ kàn. Pọ́ǹpù tó wà lókè yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn." Ọládiméjì nìkan ló sọ òótọ́ yìí fún.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ọládiméjì fi ṣẹ́ẹ̀nì so ìdí bàálù mọ́ òpó kànga. Àbdùlsàmàd gbé àga síta, ó jókòó ní agbádá, ó dé fìlà, bí ẹni tó wá wo eré. Wọ́n yí abẹ̀bẹ̀ iwájú. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tutọ́, ó sì dáhùn. Aṣọ fò kúrò lórí okùn. Adìyẹ tó wà ní àgbàlá ṣe ohun tí bàálù ò tíì ṣe. Fìlà Àbdùlsàmàd fò dìde, ó gba orí kànga kọjá, ó bọ́ sínú gọ́tà.

"Fìlà ti kọ́kọ́ balẹ̀ o!" ni Salome kígbe láti ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n fi pọ́ǹpù àkọ́kọ́ ṣe é ná, èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Ó dára. Ọládiméjì wá ti tápù tirẹ̀, ó ṣí ti pọ́ǹpù iná, ó tẹ súìṣì. Abẹ́rẹ́ géèjì dìde, ó dúró lórí mẹ́ta, ibi tí kábúrétọ̀ ìjàpá fẹ́ gẹ́lẹ́. Ọkàn Àmúdàtù balẹ̀. Ó ń wo abẹ́rẹ́ náà bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ń kọ́ ìrìn.

Ẹ́ńjìnnì gbóná, abẹ́rẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó lọ sí méjì, ó fò sí mẹ́rin, ó já sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń pòṣé. Ọládiméjì tú nọ́ọ̀tì, ó yí sukúrù rẹ́gúlétọ̀ sọ́tùn-ún, abẹ́rẹ́ ń jó. Ó yí i sósì, abẹ́rẹ́ ń jó. Ẹ́ńjìnnì pariwo lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kú.

"Ó tán," ni Àbdùlsàmàd wí, ó ń gbọn omi gọ́tà kúrò lára fìlà. "Ẹ̀gbọ́n mi ṣe tiwọn. Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn. Lọ́jọ́ Ajé, àwọn ará Igànmú ń bọ̀."

Wọ́n jẹ́ kí ó tutù, wọ́n tún dán an wò. Bí ó bá tutù, mẹ́ta. Bí ó bá gbóná, ijó. Ọládiméjì jókòó sílẹ̀, òógùn bò ó, ó ń wo pọ́ǹpù náà níbi tí Àmúsà kàn án mọ́, lókè téńté lára ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀. Ó ń wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀.

"Sọ ọ́," Àmúdàtù ní.

"Kò sí nǹkan, mà."

"Diméjì, ojú tí ọkọ mi máa fi ń wò bó bá ti jẹ ẹran inú ìkòkò lo fi ń wò yẹn. Sọ ọ́."

"Mà, kì í ṣe ẹjọ́ rẹ́gúlétọ̀. Pọ́ǹpù iná mọ epo tì, kò mọ ọ́n fà. Ìsàlẹ̀ nítòsí táǹkì ló yẹ kó wà. Níbi tó wà lókè yìí, ooru ẹ́ńjìnnì ń bà á, epo ń hó nínú páìpù kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló wá ń fà. Rẹ́gúlétọ̀ lè mú epo rọlẹ̀, kò lè sọ afẹ́fẹ́ di epo."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ rí i, mà. Mo sọ fún Alágbà. Wọ́n ní kí n lọ jókòó, àwọn mọ ìdí tí àwọn fi gbé e síbẹ̀. Mo rò pé wọ́n mọ nǹkan tí mi ò mọ̀. Ẹ̀yin náà sì ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wọn ni pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Àmúdàtù gbójú kúrò lára bàálù. Ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá. Ó rí jẹnẹrétọ̀ lórí búlọ́ọ̀kù. Ó rí fíríìjì lórí tábìlì, pẹ̀lú àpótí tí wọ́n fi ń gùn ún. Ó rántí ohùn tó bi í nínú òjò pé, *Omi ti wọ àgbàlá?* Ẹ̀rín kan bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀, kò lè dá a dúró, ó di òpó kànga mú.

"Mà? Kí ló dé?"

"Omi ni!" Àmúdàtù ní. "Àgbàrá Mushin ló ń sá fún! Kó má baà wọ pọ́ǹpù! Bàálù tó fẹ́ lọ bá ìkúukùu, ó ń bẹ̀rù gọ́tà!"

Ọládiméjì wo pọ́ǹpù, ó wo fíríìjì, ó dojú bolẹ̀. Salome ti jókòó sórí ilẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó ń lu itan. Àbdùlsàmàd pàápàá rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé òun ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹ̀rín tán, ohun tó kù ò dùn. Àmúdàtù nu ojú. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ọkùnrin náà fi sílẹ̀ fún un láyé. Ó ti ń ṣọ́ ọ bí ẹni ṣọ́ ẹyin. Bí wọ́n bá sọ pọ́ǹpù náà kalẹ̀, á jẹ́ pé Àmúsà ṣàṣìṣe, àti pé òun ìyàwó rẹ̀ ló jẹ́rìí sí i lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí kò sí níbẹ̀ láti parọ́ gbèjà ara rẹ̀. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ọ̀rọ̀ Àmúsà á dúró, ṣùgbọ́n ayùn á wọ bàálù rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Àbdùlsàmàd rí i pé ó ń ronú. "Ìyàwó wa," ó ní, ó rọ ohùn, "a kì í tẹ ọ̀rọ̀ òkú lójú o. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ní kí wọ́n má sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

"Akọ̀wé," Àmúdàtù ní, "ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gé gbogbo rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ẹ̀yin lẹ ń bá òkú ṣọ́ nọ́ọ̀tì mẹ́rin? Bí wọ́n bá gé e tán, òkè wo ni pọ́ǹpù náà fẹ́ wà? Òkè ọkọ̀ akẹ́rù?"

Àbdùlsàmàd dé fìlà tútù náà padà sórí.

Àmúdàtù na ọwọ́ sí Ọládiméjì. "Fún mi ní sípánà."

"Mà, ẹ jẹ́ kí n bá yín—"

"Èmi ló sọ fún. Èmi náà ni màá ṣẹ̀ ẹ́."

Ó gun àpótí, àpótí fíríìjì náà ni wọ́n gbé wá fún un, ó fi sípánà sí nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́. Ó le. Àmúsà kì í de nǹkan lọ́wọ́ dídẹ̀. "Ẹ tú u sílẹ̀ jàre," ó ń kùn, kì í ṣe Ọládiméjì ló ń bá wí. "Ẹ̀yin náà ẹ ti yọ rẹ́gúlétọ̀ mi lórí iná rí, mi ò sì lé yín jáde. Ẹ tú u sílẹ̀. Bí omi bá dé, màá fi orí mi gbé e." Nọ́ọ̀tì náà já. Ó tú yòókù. Pọ́ǹpù náà bọ́ sí i lọ́wọ́, ó wúwo ju bó ti rò lọ, ó ń rùn bí ẹ̀wù iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Ó gbá a mọ́ra díẹ̀, ìyẹn ò kan ẹnikẹ́ni, ó sì gbé e fún Ọládiméjì.

Ọládiméjì dè é mọ́ ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, ó pààrọ̀ páìpù. Wọ́n tún yí abẹ̀bẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Àbdùlsàmàd ti fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà mú. Ẹ́ńjìnnì dáhùn, ó gbóná, ó gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ. Abẹ́rẹ́ géèjì dúró. Ọládiméjì yí sukúrù díẹ̀ títí ó fi bọ́ sórí mẹ́ta, ó de nọ́ọ̀tì. Bí ó ti ń dè é, abẹ́rẹ́ yẹ̀ díẹ̀. Ó tú u, ó tún un yí, ó tún un dè. Mẹ́ta. Ó wo Àmúdàtù, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bí gbogbo ọdún tí wọ́n fi jiyàn ti pọ̀ tó, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Àmúdàtù borí Àmúsà pátápátá nìyí, ẹni tí wọ́n borí ò sì sí nílé láti gbọ́. "Ṣiọ̀," ó sọ fún ìjókòó tó ṣófo. "Ẹ ṣàṣìṣe." Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí èsì. Ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n pa á tán, Àbdùlsàmàd dìde, ó gbọn agbádá. "Kí wọ́n máa gbé e lọ," ó ní. "Màá sọ fún àwọn ará Igànmú pé kí wọ́n má wá. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ní kí n wọ̀ ọ́ o."

"Ta ló fẹ́ gbé yín, Akọ̀wé? Ẹ̀yin àti agbádá?"

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n tú apá rẹ̀, wọ́n gbé e gba ẹnu ọ̀nà, láìgé nǹkankan lára rẹ̀, lọ sí pápá lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Ní báyìí, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń to búlọ́ọ̀kù sí àgbàlá. Fíríìjì ṣì wà lórí tábìlì. Àmúdàtù ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ìyẹn kalẹ̀.

Ihò mẹ́rin tí nọ́ọ̀tì pọ́ǹpù fi sílẹ̀ lókè ògiri irin náà ṣì là sílẹ̀, àwọn nìkan ló kù nínú ọ̀rọ̀ tí Àmúsà fi lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Ọládiméjì ní wọ́n gbọ́dọ̀ dí i, nítorí bí iná bá sọ lára ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ ni yóò gbà dé ẹsẹ̀ awakọ̀, bàálù ò sì lè kúrò nílẹ̀ bí ihò náà bá wà níbẹ̀. Ó ti pe Àmúdàtù lórí rẹ̀. Àmúdàtù ní kí wọ́n má dí i, òun ń bọ̀ wá dí i fúnra òun. Kò tíì lọ.